Owó fàdákà Róòmù tí mo fọ̀ ti di pupa: ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Àjàní_Leeds · Sátidé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa owó àtijọ́ wà níbí, ẹ dákun, ẹ gbà mí.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ra owó ilẹ̀ Róòmù méjì ní York lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó pàtẹ ọjà. Orí ọba tí wọ́n ń pè ní Gordian Kẹta ló wà lára ọ̀kan, £40. Ti èkejì, Gallienus, £28. Àwọn ọba méjèèjì dé adé tó yọ ṣóńṣó ṣóńṣó bí ìtànṣán oòrùn. Lẹ́yìn ti Gallienus, ẹranko kan tó jọ ìgalà dúró síbẹ̀, wọ́n kọ DIANAE CONS AVG yí i ká. Bàbá náà ní irú owó kan náà ni méjèèjì, pé ọdún tó wà láàárín wọn kò tó 30.

Wọ́n ti dúdú díẹ̀. Mo wá rántí bí màmá mi ṣe máa ń fọ abọ́ idẹ nílé n'Íbàdàn. Mo gé òroǹbó wẹ́wẹ́, mo bu iyọ̀ sí i, mo fi kànìnkànìn ha wọ́n dáadáa. Gordian funfun báláú. Gallienus ní tiẹ̀, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń pọ́n. Nígbà tí mo fi máa ṣàn án nù, ó ti rí bíi wáyà iná tí wọ́n bó.

Mo gbé wọn sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun. Gordian lé díẹ̀ ní gíráàmù 4, Gallienus kò pé 3.

Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ padà lọ bá bàbá yẹn, àwa méjèèjì la máa jọ fà á.

Ọmọ_Balógun · Sátidé, 8:31 alẹ́

Ayédèrú ni, ẹ̀gbọ́n. Fàdákà kì í di bàbà. Ọdún 12 rèé tí mo ti ń ta ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ gba owó yín padà kí bàbá yẹn tó kó ìgbá ẹ̀ kúrò lọ́jà.

Alágbẹ̀dẹ_Abẹ́òkúta · Sátidé, 9:05 alẹ́

Ẹ rọra o. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá pọ́n ni ayédèrú. Mo ti bá oníbàárà kan tún irú owó yìí ṣe rí, ó fẹ́ fi ṣe òrùka. Bàbà ni inú rẹ̀, fàdákà ló bò ó lójú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìjọ́un ni pé wọ́n á rọ ọ́ ní bàbà tán, wọ́n á wá rì í bọ inú fàdákà yíyọ́. Òroǹbó tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ló ṣí aṣọ lára ẹ̀. Owó gidi ni lọ́wọ́ yín, àmọ́ ìhòòhò ló wà báyìí.

Abẹ̀kẹ́_Ilé_Ìṣẹ̀ǹbáyé · Sátidé, 9:48 alẹ́

Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa ohun tí òroǹbó ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í rì í bọ fàdákà yíyọ́. Mo máa ń yọ̀ǹda ara mi ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbí, irú owó yìí sì ti gba ọwọ́ mi kọjá lọ́pọ̀ ìgbà.

Fàdákà wà nínú owó náà látinú wá, ó kàn kéré ni. Wọ́n á yọ́ fàdákà díẹ̀ pọ̀ mọ́ bàbà púpọ̀, wọ́n á dà á sí pẹlẹbẹ. Wọ́n á wá fi pẹlẹbẹ náà síná. Iná á sun bàbà tó wà lójú ẹ̀, á dúdú. Wọ́n á sọ ọ́ sínú omi kíkan, omi yẹn á jẹ dúdú náà kúrò, fàdákà tí kò bá a lọ nìkan ló máa kù lójú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbé e sáàárín ọmọ-ìtẹ̀ méjì, wọ́n á fi òòlù lù ú, orí ọba á yọ. Nígbà tó bá kúrò ní ilé ìrọwó, funfun nini ni. Àmọ́ funfun yẹn kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ.

Àbúrò Àjàní, ẹ wá wò ó: omi kíkan ni wọ́n fi wọ aṣọ fún un, omi kíkan náà lẹ fi bọ́ ọ. Kànìnkànìn ló parí iṣẹ́. Nínú ti Gordian, fàdákà súnmọ́ ìdajì, ìdí nìyẹn tó fi funfun dénú. Ní ìgbẹ̀yìn ìjọba Gallienus, fàdákà inú owó kan kò tó ìdá 5 nínú 100.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi òroǹbó, fínígà, ọṣẹ ìfọyín tàbí eérú fọ owó àtijọ́ mọ́. Gordian tó funfun báláú yẹn náà ti bàjẹ́ díẹ̀ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Dúdú tó wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni àwọn tó ń kó owó jọ ń fẹ́.

Àjàní_Leeds · Sátidé, 9:55 alẹ́

Yéè! Méjèèjì ni mo bà jẹ́?

Abẹ̀kẹ́_Ilé_Ìṣẹ̀ǹbáyé · Sátidé, 9:57 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ 😅 Ẹ kò tíì bà á jẹ́ tán.

Ọmọ_Balógun · Sátidé, 10:10 alẹ́

Ẹ ṣeun, ma. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín léèrè. Tí èmi bá ta ẹ̀gbà bàbà tí mo kun fàdákà sí lójú, tí mo ní fàdákà ni, ọlọ́pàá á wá mi dé ṣọ́ọ̀bù. Kí ló ṣe ọba odindi ilẹ̀ Róòmù tó fi ń ṣe é fún àwọn èèyàn ẹ̀?

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · Sátidé, 11:22 alẹ́

Ìbéèrè Ọmọ Balógun dára, ó sì gùn. Ẹ jókòó.

Ọdún 193 ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí York tí Àjàní ti ra owó yẹn wà nínú ìtàn náà. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 192, wọ́n fún ọba Commodus lọ́rùn pa. Pertinax gorí ìtẹ́ ní ọjọ́ kejì. Àgbàlagbà tó mọ ìṣirò ni. Ó fi kún fàdákà inú denarius, ìyẹn owó fàdákà wọn nígbà náà, ó sì ń ṣọ́ owó ìlú ná. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 87 ló lò, wọ́n pa á.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, tí mo bá ń kọ́ ọ ní kíláàsì, àwọn ọmọ máa ń rò pé mo ń dápàárá ni. Wọ́n lu ìtẹ́ ọba ní gbànjo! Bàbá ìyàwó Pertinax, Sulpicianus, wà nínú bárékè, ó ń dá iye. Didius Julianus, olówó ńlá, dúró síta, òun náà ń dá iye. Nígbà tí Sulpicianus dé 20,000 sesterces fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, Julianus kígbe, ó na ìka sókè, ó fi 5,000 lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Sesterces 4 ló wà nínú denarius 1, nítorí náà denarius 6,250 ló jẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo.

Tí ẹ bá rí owó Julianus, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀: CONCORD MILIT, ìyẹn ni pé ìṣọ̀kan àwọn ọmọ ogun. Ọjọ́ 66 ló lò. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ní wọ́n ṣọ̀kan yẹn kò gbé apá kan sókè nígbà tí wọ́n wá pa á.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó wà lókèèrè gbọ́ pé ẹ̀ṣọ́ Róòmù ta ìtẹ́, àwọn náà fi ọba tiwọn jẹ. Septimius Severus lẹ́bàá odò Danube, Pescennius Niger ní Síríà, Clodius Albinus ní Bìrìtéènì. Kò sí èyí tí kò rọ owó fàdákà sí orúkọ ara ẹ̀, torí sójà kì í jẹ ìlérí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ ogun tẹ̀ lé òun gbọ́dọ̀ sanwó lónìí. Fàdákà tó wà nílẹ̀ kò sì pọ̀ ju ti àná lọ. Kí lẹ máa ṣe? Ohun tí ẹlẹ́mu máa ń ṣe nígbà tí oníbàárà bá pọ̀ ju ẹmu lọ náà ni.

Severus ló borí. Ó ṣẹ́gun Niger ní 194, ó ṣẹ́gun Albinus nítòsí Lyon ní February 197. Lábẹ́ ẹ̀ ni fàdákà inú denarius ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ó sì fi kún owó oṣù ọmọ ogun. York yẹn ló kú sí ní ọdún 211, bí Cassius Dio tó gbé ayé nígbà náà sì ṣe sọ, ọ̀rọ̀ tó bá àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì sọ ni pé kí wọ́n wà ní ìrẹ́pọ̀, kí wọ́n sọ àwọn ọmọ ogun di ọlọ́rọ̀, kí wọ́n má ka ẹnikẹ́ni tó kù sí. Caracalla, ọ̀kan nínú wọn, pa èkejì kí ọdún tó yí po. Ti ọmọ ogun nìkan ló mú ṣe.

Caracalla yìí ló dá owó aládé ìtànṣán yẹn sílẹ̀ ní 215. Antoninianus ni a ń pè é lóde òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ó ní kí wọ́n máa ná an bíi denarius 2. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n: fàdákà inú rẹ̀ kò ju ti denarius kan àbọ̀ lọ. Àbọ̀ tó kù yẹn ni èrè ọba.

Ojú ń dà mí. Ó di ọ̀la.

Ọmọ_Balógun · Sátidé, 11:40 alẹ́

Lu gbànjo kẹ̀? Ìtẹ́ ọba? Ẹ̀rín pa mí.

Dàpọ̀_Houston · Sọ́ńdè, 1:03 òru

Mo gbọ́ pé ọmọ Áfíríkà ni Severus yẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · Sọ́ńdè, 7:15 àárọ̀

Òótọ́ ni. Leptis Magna ni wọ́n bí i sí ní 145, ó wà ní Líbíà òde òní. Ara wa náà ló da bàbà sínú owó, ẹ má yangàn jù.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọ́ọ̀ṣì · Sọ́ńdè, 2:20 ọ̀sán

Ẹ kú ìsinmi. Ṣé owó Gordian yìí ni Jésù ní kí wọ́n mú wá fún òun wò, tó fi sọ pé kí wọ́n fi ti Késárì fún Késárì?

Abẹ̀kẹ́_Ilé_Ìṣẹ̀ǹbáyé · Sọ́ńdè, 3:02 ọ̀sán

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Tiberius ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, ó ju 200 ọdún lọ kí Gordian Kẹta tó jọba. Denarius ni ti ayé Jésù, adé ewé ni ọba máa ń dé lórí ẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó jẹ́ fàdákà pátápátá. Òun náà ni owó òòjọ́ tí baba onílé bá àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà ná. Ẹ fi ti Àjàní wé e: ẹni tó gba Gallienus kan nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, bàbà ló gbé lọ sílé.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà · Sọ́ńdè, 4:37 ìrọ̀lẹ́

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Tíṣà, mo rò pé wọ́n di ẹ̀bi ru ọmọ ogun jù. Fàdákà ló tán. Ibi ìwakùsà Rio Tinto ní Spéìn ló ń bọ́ Róòmù. Láti 165 ni àjàkálẹ̀ àrùn ti ń pa àwọn òṣìṣẹ́, lẹ́yìn náà àwọn jàǹdùkú tún ti Mòrókò sọdá òkun wá kó gúúsù Spéìn lẹ́rù. Omi náà ń ya wọ inú kòtò bó ṣe ń jìn sí i. Ilé ìrọwó tí kò rí fàdákà, àfi kó lo bàbà. Ìṣòro ẹ̀rọ àti ilẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìwà.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · Sọ́ńdè, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹnjiníà, mo gbà fún yín nípa ibi ìwakùsà. N kò gbà pé òun nìkan ni. Ẹ wo Postumus.

Ní 260, ọba Valerian, bàbá Gallienus, lọ bá Shapur ọba Páṣíà jà nítòsí Edessa. Shapur mú un láàyè, kò sì padà wálé mọ́. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí ọba Róòmù kankan rí. Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀gágun Postumus gba Gọ́ọ̀lù (ìhà Faransé òde òní) mọ́ Gallienus lọ́wọ́, Bìrìtéènì àti Spéìn tẹ̀ lé e. Ní ìlà-oòrùn, Macrianus fi àwọn ọmọ ẹ̀ méjì jọba. Ìjọba já sí mẹ́ta.

Spéìn wà lọ́wọ́ Postumus, àbí? Lóòótọ́, owó tiẹ̀ dára ju ti Gallienus lọ fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 268, tirẹ̀ náà ti di bàbà. Spéìn kò kúrò níbi tó wà. Ohun tó yí padà ni pé ogun ti mú un láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Ní 269, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ṣẹ́gun ọlọ̀tẹ̀ kan ní Mainz, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ìlú náà. Postumus ní rárá. Wọ́n pa á.

Ẹ̀yin ọmọ ìwé mi, ṣé ẹ rí i? Ọba tó rọ owó tó dára jù ní àsìkò yẹn, ìkógun tí kò jẹ́ kí wọ́n kó ló pa á.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà · Sọ́ńdè, 7:04 ìrọ̀lẹ́

Àwọn kòtò ṣì lómi nínú, sà 😄 Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ti Postumus.

Ìyá_Bọ̀lá_Peckham · Sọ́ńdè, 8:45 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ọbẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Èmi ò lọ yunifásítì, ọjà ni mo mọ̀. Ẹ sọ fún mi: àwọn owó tó dára ti ayé Jésù àti ti Pertinax, níbo ni wọ́n wọlé sí? Torí bí wọ́n bá ní owó tuntun tí kò dára àti owó àtijọ́ tó dára jọ ń ná iye kan náà, èmi ò ní fi èyí tó dára ra ẹ̀fọ́. Màá so ó mọ́ ìdí àṣọ mi ni.

Abẹ̀kẹ́_Ilé_Ìṣẹ̀ǹbáyé · Sọ́ńdè, 9:30 alẹ́

Ìyá Bọ̀lá, ẹ ti sọ ọ́ tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe. Èyí tó dára wọlẹ̀, tàbí kí ìjọba fúnra ẹ̀ gbà á padà bí owó orí, kó yọ́ ọ, kó fi bàbà kún un. Decius (249 sí 251) kò tiẹ̀ fi àkókò ṣòfò láti yọ́ ọ: wọ́n ń mú denarius àtijọ́, wọ́n ń lu orí tuntun lé e, ó di antoninianus. Nígbà mìíràn, ẹ ṣì lè rí irun tàbí lẹ́tà ọba àkọ́kọ́ lábẹ́ ti èkejì.

Ṣùgbọ́n èyí tí kò dára náà máa ń wọlẹ̀. Ní Frome, ní Somerset, ní 2010, ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ wá irin kiri oko rí ìkòkò kan. Owó 52,503 ló wà nínú ẹ̀, ó tó kílò 160. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ irú ti Àjàní yìí, bàbà tó wọ aṣọ fàdákà. Denarius 5 péré ló jẹ́ fàdákà gidi, ti Carausius, ọ̀gágun tó gba Bìrìtéènì fúnra ẹ̀ ní 286, tó sì tún rọ owó fàdákà tó dára kí àwọn èèyàn lè gbà á lọ́ba.

Ìyá_Bọ̀lá_Peckham · Sọ́ńdè, 9:41 alẹ́

Ẹ̀rù ogun ló mú kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó rì í ti kú sójú ogun.

Abẹ̀kẹ́_Ilé_Ìṣẹ̀ǹbáyé · Sọ́ńdè, 9:58 alẹ́

Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀, ma. Àmọ́ àwọn tó wú ti Frome wo ìkòkò náà, ó tín-ín-rín. Òfìfo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sínú ihò, kí wọ́n tó da owó sí i. Bí owó ti kún un yẹn, kò sẹ́ni tó lè gbé e jáde kó má fọ́. Wọ́n wá ń rò pé ó lè jẹ́ pé wọ́n fi fún òrìṣà ni, tí wọn kò sì ní í lọ́kàn láti padà wá gbé e.

Ìyá_Bọ̀lá_Peckham · Sọ́ńdè, 10:02 alẹ́

Owó 52,000 fún òrìṣà? Òrìṣà wo ló ń gba bàbà? 😂

Dàpọ̀_Houston · Sọ́ńdè, 11:50 alẹ́

Bí ti owó ẹyọ wa náà nìyẹn. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Jámánì kó ẹyọ ńlá ti Zanzibar dé etíkun wa láàárín ọdún 1800 sí 1900, ohun tí wọ́n ń fi ọ̀kẹ́ kan rà tẹ́lẹ̀ di ọ̀kẹ́ mélòó.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · Mọ́ńdè, 6:40 àárọ̀

Ìyàtọ̀ wà, Dàpọ̀. Kò sí ọba tó ń rọ ẹyọ, inú òkun ló ti ń wá, oníṣòwò ló kó o dé. Ti Róòmù, ọba ni ẹlẹ́mu, ọba ni olómi. Ẹ jẹ́ ká dúró sí Róòmù.

Fọlákẹ́_Kent · Mọ́ńdè, 12:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. A ní ilẹ̀ kékeré tí a fi ń gbin ewébẹ̀ níbí. Ọmọkùnrin mi wú nǹkan róbótó méjì jáde lójú kan náà lánàá, orí ọba aládé ìtànṣán wà lára méjèèjì, wọ́n funfun. Ṣé mo lè tà wọ́n?

Abẹ̀kẹ́_Ilé_Ìṣẹ̀ǹbáyé · Mọ́ńdè, 12:50 ọ̀sán

Ẹ má tíì tà á o! Ẹ má sì fọ̀ ọ́! Òfin ọdún 1996 wà nípa ìṣúra ní England, Wales àti Northern Ireland. Tí owó bá ti ju ọdún 300 lọ, tí wọ́n rí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan náà, tí wúrà tàbí fàdákà inú wọn bá tó ìdá 10 nínú 100, ìṣúra ni. Tí kò bá tó ìdá 10, àfi kí wọ́n tó mẹ́wàá kí òfin tó kà á sí ìṣúra.

Ẹ rí i pé ohun tí Gallienus ṣe sí fàdákà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú òfin òyìnbó dòní: ti irú Gordian, méjì ti tó, ti irú Gallienus tí Àjàní ní, ó di mẹ́wàá. Nígbà tí tiyín funfun, ẹ mú un bí ẹni pé ìṣúra ni. Ọjọ́ 14 lẹ ní láti fi tó coroner (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ikú àti ìṣúra) àdúgbò yín létí. Ẹ̀yin ẹ kàn sí òṣìṣẹ́ tó ń gba ìròyìn ohun àwárí ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, òun á bá yín ṣe é. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí wọn sílẹ̀ gan-an. Ẹ sọ fún onílẹ̀ náà, tí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíì.

Fọlákẹ́_Kent · Mọ́ńdè, 1:05 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, ma. Ìdí ìkòkò ìrẹsì ni ọmọ yẹn fẹ́ fi ha á.

Àjàní_Leeds · Mọ́ńdè, 9:20 alẹ́

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn ará Róòmù ọ̀hún, ṣé wọn kò mọ̀ ni? Èmi fi òroǹbó mọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn tó ń fi ọwọ́ kan owó yìí lójoojúmọ́ ńkọ́?

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · Mọ́ńdè, 10:35 alẹ́

Wọ́n mọ̀. Ìwé kan wà láti ìlú Oxyrhynchus ní Íjíbítì, ọdún 260 náà ni, ọdún tí wọ́n mú Valerian. Àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ti ilé ìṣòwò wọn pa, wọ́n ní àwọn kò gba owó àwọn ọba mọ́. Aláṣẹ ìlú kọ̀wé pé kí gbogbo wọn ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n gba gbogbo owó, àfi èyí tó bá jẹ́ ayédèrú pọ́ńbélé. Ó ní ẹni tó bá kọ̀ máa jìyà. Ẹ ronú sí i: bí ọjà bá fẹ́ gba owó, ta ló ń kọ irú ìwé yẹn?

Abẹ̀kẹ́_Ilé_Ìṣẹ̀ǹbáyé · Mọ́ńdè, 10:52 alẹ́

Kí n kàn fi kékeré kan kún un, Tíṣà: antoninianus kọ́ ni wọ́n ń ná ní Íjíbítì. Wọ́n ní owó tiwọn tí wọ́n ń rọ ní Alexandria. Àmọ́ àìsàn tó ń ṣe ti Róòmù ló ń ṣe òun náà.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · Mọ́ńdè, 10:58 alẹ́

Mo gbà. Mo kánjú.

Àjàní, ti ìgalà ẹ kù. Gallienus rọ irú ẹ̀ ní ìlú Róòmù ní nǹkan bí 267 sí 268. CONS yẹn túmọ̀ sí aláàbò: ó ń pe Diana, òrìṣà ọdẹ, ní aláàbò ọba. Oríṣiríṣi ẹranko ló fi ṣe é, òrìṣà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ fún Oòrùn, àmọ̀tẹ́kùn fún Liber. Ọba tí kò rí ọmọ ogun fọkàn tán mọ́ ló ń ké pe gbogbo òrìṣà lẹ́ẹ̀kan náà, lórí owó tí kò ní fàdákà. Ní 268 yẹn, nígbà tó sé ọlọ̀tẹ̀ kan mọ́ inú Milan, àwọn ọ̀gágun tirẹ̀ pa á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí owó tó wà lọ́wọ́ ẹ kúrò ní ilé ìrọwó kí wọ́n tó pa á.

Ọ̀rọ̀ ilé ìrọwó yẹn náà dópin ní ìjà. Lábẹ́ Aurelian, ní nǹkan bí 271, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dìtẹ̀ ní Róòmù, Felicissimus tó ń bójú tó owó ìjọba sì ni olórí wọn. Àwọn òpìtàn ayé àtijọ́ sọ pé ọmọ ogun 7,000 ló kú kí wọ́n tó borí wọn. Iye yẹn ń ṣe mí bákan, àmọ́ pé wọ́n jà jẹ́ òótọ́. Ní 274, Aurelian tún owó ṣe, ó kọ XXI sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó túmọ̀ sí ni bàbà ogún sí fàdákà kan. Ó kéré tán, ó kọ ọ́ síta.

Àjàní_Leeds · Sátidé, 7:30 alẹ́

Mo ti dé láti York. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o.

Kí n tó kúrò nílé, mo wo àpò ìwé kékeré tí bàbá yẹn fi owó náà sí. Ó kọ "billon" sára ti Gallienus. Ìgbà tí mo rà á, mo rò pé orúkọ ìlú ni. Mo wá a: fàdákà tí bàbà pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni n kò kà á.

Ìjà tí mo gbé lọ ti kú lójú ọ̀nà. Mo fi owó náà hàn án, ó wò ó, ó ní, "O ti fọ̀ ọ́, àbí?" Ojú tì mí. Ó fi denarius Severus kan hàn mí, £55, ó ti dúdú kirikiri. Mo rà á. Inú ike tí kò ní PVC (irú rọ́bà tó máa ń ba owó jẹ́) ló wà báyìí, Abẹ̀kẹ́ ló kọ́ mi ní ìyẹn nínú àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ mi.

Ìyá_Bọ̀lá_Peckham · Sátidé, 7:44 alẹ́

Òroǹbó tó kù ńkọ́? Mo ní ẹja lórí iná.